Ìlú Tí Kò Sí Létí Òkun: Yíyan Ibi Ìgbafẹ́ fún Àwọn Ọmọdé ní Ìlọrin

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ọmọdé mu púpọ̀. Ọmọ tí ó ka orúkọ odò nínú ìwé, tí kò dúró létí odò rí, ìmọ̀ rẹ̀ kò tí ì dé ìdajì. Ìdí nìyí tí àwọn baba ńlá Yorùbá kì í fi ọmọ pamọ́ sínú ilé. Ọmọkùnrin a tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sí oko, ọmọbìnrin a bá ìyá rẹ̀ dé ọjà, àwọn méjèèjì a sì jọ pọn omi lódò. Bí òṣùpá bá yọ lálẹ́, ojúde a kún fún eré àti àlọ́. Kò sí ẹni tí ó ń pe èyí ní ìgbafẹ́, bẹ́ẹ̀ ìgbafẹ́ ni, ẹ̀kọ́ sì ni pẹ̀lú.

Ayé ti yí padà báyìí. Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ìlọrin, ojúde tí àwọn ọmọ ti ń ṣe bojúbojú ti di ibi tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí tàbí ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ọmọ a ti ilé dé ilé ìwé, a ti ilé ìwé dé ilé kéú, a sì ti ilé kéú dé iwájú tẹlifíṣàn. Ìgbafẹ́ tí ó ń wá fúnra rẹ̀ látijọ́ ti di ohun tí òbí àti olùkọ́ gbọ́dọ̀ jókòó yàn, tí wọ́n sì ń náwó lé lórí. Òfin pàápàá kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1989, sọ ọ́ gbangba pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 náà sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ó bá wá di pé kí a yan ibi tí a ó kó ọmọ lọ, kí ni ó yẹ kó jẹ́ òṣùwọ̀n? Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe òkìkí ibi náà ni ó yẹ kí a wò, bí kò ṣe ọmọ fúnra rẹ̀. Ǹjẹ́ ojú àgbà lè ká a níbẹ̀? Ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè kan nǹkan? Ǹjẹ́ ẹnu rẹ̀ lè sọ ohun tí ó rí? Paríparí rẹ̀, ǹjẹ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́ náà lè dé ibẹ̀?

Òkun Tí Ó Jìnnà

Ìlọrin kò sí létí òkun. Láti ibẹ̀ dé Èkó tó nǹkan bí 300 kìlómítà. Síbẹ̀, etíkun ni ọmọ sábà máa ń rí nínú fíìmù bí wọ́n bá ń fi ìgbafẹ́ hàn: iyanrìn funfun, ìgbì omi, àti ẹṣin tí wọ́n ń gùn létí omi. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé bí ilé ìwé bá ń gbèrò ìrìn-àjò òpin ọdún, Èkó ni ẹnu máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Kò burú kí ọmọ rí òkun. Ọmọdé tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni ohun tí ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ń náni, àti ohun tí ọmọ ń rí mú bọ̀ níbẹ̀.

Àwọn ará Èkó pàápàá kò fi gbogbo ara gbádùn òkun wọn mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Bar Beach ní Victoria Island ni etíkun tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, tolówó tòtòṣì ni ó sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ nígbà ọdún. Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ wọlé, omi sì ń ya bo títì. Nígbà tí ó yá, wọ́n kó iyanrìn dí etíkun náà láti fi tẹ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic dó. Bí etíkun mẹ̀kúnnù ṣe pòórá nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kù ni ó ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba owó. Ìgbì omi Èkó kì í sì í ṣe ohun tí a ń fi ọmọdé ṣeré níwájú rẹ̀: bí ó ti ń bì wá ni ó ń fà padà, ó sì ti gbé àgbàlagbà tí ó mọ omi í wẹ̀ lọ rí, áḿbọ̀sì ọmọ tí ó jẹ́ pé inú abọ́ ìwẹ̀ nìkan ni ó ti mọ omi.

Ibi tí ó dára wà ní Èkó lóòótọ́. Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì. Ilẹ̀ igbó náà tó 78 hẹ́kítà, afárá tí wọ́n fi okùn àti pákó ṣe sókè láàrin àwọn igi ibẹ̀ sì gùn tó 401 mítà. Ọmọ Èkó tí ó bá dé ibẹ̀ lówùúrọ̀ yóò jẹ ìgbádùn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ bọ́ọ̀sì ní Ìlọrin láti ìdájí, tí ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà, tí yóò tún padà sílé lọ́jọ́ kejì, oorun ni yóò máa kùn ún nígbà tí àwọn ọ̀bọ bá ń fò láti orí igi kan dé òmíràn.

Èyí tí ó wúwo jù ni ọ̀rọ̀ owó. Ẹ jẹ́ kí á wo kíláàsì tí ọmọ ogójì wà, tí ilé ìwé sì bu owó ìrìn-àjò lé wọn. Olùkọ́ a kọ orúkọ àwọn tí ó ti san sójú pátákó. Lójoojúmọ́ ni orúkọ ń pọ̀ sí i, lójoojúmọ́ sì ni àwọn tí orúkọ wọn kò sí níbẹ̀ ń fi ojú wá tiwọn. Lọ́jọ́ ìrìn-àjò, wọ́n a ní kí àwọn tí kò san dúró sílé. Bí ó bá di ọjọ́ Ajé, olùkọ́ a ní kí gbogbo kíláàsì kọ àròkọ lórí ìrìn-àjò tí wọ́n lọ. Kí ni ọmọ tí kò lọ yóò kọ? Ìgbafẹ́ tí ó yẹ kí ó so àwọn ọmọ pọ̀ ti di ọ̀bẹ tí ó pín wọn sí méjì. Ẹ̀kọ́ tí ọmọ tí ó kù sílé rí kọ́ ni pé ayé kì í ṣe fún irú òun. Kò sí etíkun tí ó dára tó kí a fi irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rà á.

Ohun Tí Ó Wà Nítòsí

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó lọ wo ohun tí ó wà létí òkun, ó yẹ kí a mọ ohun tí ó wà ní Ìlọrin.

Àkọ́kọ́ ni Òkèlélé, níbi tí àwọn ìyá ti ń mọ ìkòkò títí di òní. Bí àwọn ọmọ bá dé ibẹ̀, wọn yóò rí bí wọ́n ti ń gún amọ̀, bí wọ́n ti ń yí i, bí wọ́n ti ń fi ọwọ́ lásán gbé ẹnu ìkòkò sókè, àti bí wọ́n ti ń to ìkòkò jọ láti sun wọ́n. Ibí yìí ni ọwọ́ ọmọ ti lè kan nǹkan. Bí a bá bẹ àwọn ìyá náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí a sì fi ohun díẹ̀ ṣe ìdúpẹ́, wọn yóò bu amọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi mọ ohun tí ó wù wọ́n. Ọmọ tí kò ríran pàápàá yóò mọ ìyàtọ̀ láàrin àmù, orù, ìṣasùn àti agbada, nítorí ọwọ́ ni yóò fi rí wọn. Ohun kan ṣoṣo tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni iná: kí àwọn ọmọ dúró lókèèrè nígbà tí wọ́n bá ń sun ìkòkò.

Bákan náà ni ilé àwọn ahunṣọ. Aṣọ òfì Ìlọrin lókìkí, kò sì ṣòro láti rí agbo ilé tí wọ́n ti ń hun ún. Ọmọ tí ó bá jókòó ti ahunṣọ fún ìdajì wákàtí, tí ó rí bí ọ̀kọ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin òwú, yóò mọ ìdí tí aṣọ tí baba rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gba owó níbẹ̀. Ìkíni tí ó dára ni owó ẹnu ọ̀nà.

Òkúta tí ìtàn so mọ́ orúkọ ìlú náà wà ní àdúgbò Ìdí-Apẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé orí òkúta náà ni ọdẹ kan tí ń jẹ́ Òjó ti ń lọ irin rẹ̀, tí ibẹ̀ fi di Ìlọ-irin. Àwọn mìíràn ní Ìlú-erin ni orúkọ náà ti wá. Kò yẹ kí olùkọ́ fi dandan mú ọmọ gba ọ̀kan. Kí ó kó wọn dé ibẹ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé, kí wọ́n wo òkúta náà pẹ̀lú ojú ara wọn, kí wọ́n sì jiyàn nígbà tí wọ́n bá padà dé kíláàsì. Àríyànjiyàn ọmọdé lórí ìtàn ìlú rẹ̀ jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìlọrin ni ibi tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù, owó ẹnu ọ̀nà sì wà níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀ náà, nítorí ọmọ tí ó ti ń gbọ́ àlọ́ ìjàpá, ọ̀bọ àti kìnnìún láti kékeré ní láti rí ẹranko ní ojúkojú lọ́jọ́ kan. Kí olùkọ́ má ṣe sáré kó wọn kọjá níwájú gbogbo àgò. Ó sàn kí ọmọ dúró ti ẹranko mẹ́ta kí ó sì mọ̀ wọ́n, ju kí ó kọjá níwájú ogún tí kò ní rántí ọ̀kan. Kí a sì sọ fún wọn kí wọ́n tó wọlé pé a kì í sọ òkò lu ẹranko, a kì í sì í na ọwọ́ wọ inú àgò.

Fún àwọn ọmọ kéékèèké tí ó jẹ́ pé sísáré nìkan ni wọ́n ń fẹ́, gbàgede bíi Metropolitan Square ní ọ̀nà Asa Dam àti pápá ilé ìwé tó. Bí jáńgírọ́fà bá wà, kí àgbà kọ́kọ́ fi ọwọ́ mì í, kí ó wò ó bóyá irin rẹ̀ ti dógùn-ún tàbí okùn rẹ̀ ti fẹ́ já, kí ọmọ tó gun orí rẹ̀. Kì í ṣe ibi gbogbo tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa àti ọ̀dà ewé ni ó ṣeé finú tán.

Òkè Sóbí ni ó ga jù láàrin ìlú àti agbègbè rẹ̀. Gíga rẹ̀ tó nǹkan bí 394 mítà láti ojú òkun. Àwọn ará ìgbàanì fi ṣe ibi ìsádi nígbà ogun. Ọmọ tí ó bá dé ìdajì rẹ̀ yóò rí òrùlé Ìlọrin lọ súà, yóò sì mọ ìdí tí jagunjagun fi fẹ́ràn òkè. Ṣùgbọ́n òkè yìí kì í ṣe fún ọmọ ọdún márùn-ún. Àwọn tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá ni kí a kó lọ, lówùúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí òkúta kò yọ̀, kí àgbà kan wà níwájú, kí òmíràn sì wà lẹ́yìn.

Odò Àsà ni ó kù. Odò yìí ni ó la ìlú Ìlọrin já. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá lórí afárá rẹ̀ lójoojúmọ́ láìbojú wo ìsàlẹ̀. Odò náà kò mọ́ tó ohun tí ọmọ ń wẹ̀, nítorí ìdọ̀tí ilé àti ti ilé iṣẹ́ ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá kó àwọn ọmọ dúró sí ibi tí kò léwu lè béèrè lọ́wọ́ wọn pé, níbo ni omi yìí ń lọ? Ó ń lọ bá Odò Ọya. Odò Ọya sì ń ṣàn títí ó fi wọ òkun. Ọ̀rá tí ọmọ kan jù sílẹ̀ ní Ìlọrin lónìí lè dé inú òkun tí kò tí ì fi ojú rí. Ìlú tí kò sí létí òkun ti bá òkun tan báyìí, owó bọ́ọ̀sì Èkó kò sì sí níbẹ̀.

Ojú Àgbà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ibi ìgbafẹ́ bá dára bí ọ̀run, tí ojú tí ó ń ṣọ́ ọmọ kò bá tó, kò tíì di ibi ìgbafẹ́. Kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ lọ wo ibẹ̀ kí ó tó kó ọmọ lọ. Kí ó wo ibi tí omi wà, ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, ibi tí òjìji wà, ibi tí ọmọ ti lè tọ̀, àti ọ̀nà tí a lè gbà dé ilé ìwòsàn bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀. Kí a pín àwọn ọmọ sí agbo kéékèèké, kí agbo kọ̀ọ̀kan ní àgbà tirẹ̀. Kí a kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń wọ ọkọ̀, kí a kà wọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ̀, kí a tún kà wọ́n kí ọkọ̀ tó ṣí padà. Níbi tí omi bá wà, àgbà tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára omi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ó má ṣe òun kan náà ni yóò máa pín oúnjẹ.

Àsìkò náà ṣe kókó. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá ni òjò ń rọ̀ ní Ìlọrin, àrá sì ń sán. A kì í kó ọmọ sábẹ́ igi ńlá nígbà tí òjò bá ṣú. Nígbà ọyẹ́, eruku ń yọ ọmọ tí ikọ́ fée ń ṣe lẹ́nu. Ní oṣù kẹta, oòrùn ọ̀sán mú jù fún ọmọ kékeré. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ó dára jù. Bí ìrìn náà bá kan àkókò ìrun, kí omi àlùwàlá àti ibi tí ó mọ́ wà. Bí ó bá jẹ́ oṣù Ràmàdáànì, kí a sún un síwájú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ni yóò fẹ́ bá òbí wọn gbààwẹ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ di ìdíje. Ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹ̀kọ, wàrà àti omi tí ó mọ́, tí gbogbo ọmọ jọ jẹ lórí ẹní kan náà, dára ju kí ọmọ kan ṣí kúlà tí òmíràn sì ń wò ó.

Ẹnu Tí Ó Ń Sọ Ohun Tí Ojú Rí

Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ àyàfi èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó hàn nínú iṣẹ́ náà ni pé ọmọ tí a fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ kò rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́. Ìgbafẹ́ ni ibi tí ẹ̀kọ́ yìí ti rọrùn jù láti lò. Nínú kíláàsì, ọ̀rọ̀ wà lójú pátákó. Níta, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí wà níwájú ọmọ. Igi tí ó wà lẹ́yìn ilé ìwé, ṣé ìgbá ni àbí ìrókò? Ẹyẹ tí ó bà sórí rẹ̀, ṣé lékèélékèé ni àbí àdàbà? Bí olùkọ́ kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó béèrè lọ́wọ́ ìyá arúgbó tí ó ń tajà nítòsí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé ìmọ̀ kò mọ sínú ìwé nìkan.

Ìrìn Ọ̀nà Jíjìn

Èyí kò sọ pé kí ọmọ má rìn jìnnà láéláé. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, ìpínlẹ̀ Kwárà ní ohun tí ó lè fi hàn án. Nítòsí Òmù-Àrán ni Èsìẹ́ wà. Níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní agbègbè Ọ̀wá-Kájọlà, omi Òwù ń já bọ́ láti orí àpáta tí ó ga ju 100 mítà lọ. Ní Jẹ́bà, ọmọ lè rí Odò Ọya fúnra rẹ̀, tí omi Àsà ti ń lọ bá. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n náà kò yí padà: bí kíláàsì kò bá lè lọ tán, kí ilé ìwé, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ àti àwọn ọmọ bíbí ìlú wá owó ọ̀nà àwọn tí kò ní. Bí wọn kò bá rí i, kí gbogbo kíláàsì jọ rìn dé Òkèlélé.

Ìkádìí

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni yóò bá ara wọn ní ilé ìwé tí kò ní bọ́ọ̀sì, tí kò ní owó ìrìn-àjò, tí pápá rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba ilẹ̀ tí ó wà láàrin ilé kíláàsì méjì. Kí wọ́n má ṣe rò pé ìgbafẹ́ kò kan irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n jáde lọ́jọ́ Sátidé kan, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin agbègbè ilé ìwé náà, kí wọ́n kọ ohun tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀: alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, igi ńlá, odò kékeré, àgbà tí ó mọ ìtàn. Kí wọ́n wò ó bóyá ọmọ lè fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀ kí ó sì padà láìfarapa. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ka orúkọ gbogbo ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì. Bí kò bá sí ẹyọ ọ̀kan tí yóò kù sílé, ibi tí ó yẹ ni wọ́n yàn.